Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mo ń ṣọ́ ohun tí mò ń jẹ, mo sì ń rìn lárààárọ̀, kí ló dé tí n kò jò?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú fún oṣù yìí nínú àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìsanra ni gbogbo wọn dá lé, ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ara wọn, ti àkọ́kọ́ ni a ó sì pẹ́ lé lórí jù.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ẹ̀yin Olóòtú,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Obìnrin ẹni ọdún 47 ni mí, Ayétòrò ní Òṣogbo ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì ń ṣe. Ní ọdún tó kọjá, dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó sì ní kí n dín ìsanra mi kù kí orúnkún tó ń dùn mí lè rí ìsinmi. Láti ìgbà náà ni mo ti jáwọ́ nínú mínírà àti búrẹ́dì. N kì í fẹnu kan iyán tàbí ẹ̀bà mọ́. Òkèlè wíìtì àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń jẹ. Oyin ni mò ń fi sí tíì dípò ṣúgà, ẹ̀pà àti èso ni mo sì fi ń panu bí ebi bá ń pa mí lọ́sàn-án. Kí n tó lọ sí ilé-ìwé láràárọ̀, mo máa ń rìn kánkán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo jò díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, láti kílò 90 sí kílò 86, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, òṣùwọ̀n kò yẹ̀ mọ́. Mítà 1.60 ni gíga mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò, mo sì ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí ìran wa ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ti ra tíì kan fún mi tó ní yóò fọ gbogbo ọ̀rá inú ikùn mi dànù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?

Olùkọ́, Ayétòrò, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú ìforítì. Ẹ má ṣe fojú kéré ohun tí ẹ ti ṣe. Ẹni tó jò láti kílò 90 sí 86 ti dín ìdá mẹ́rin lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ dé ibi tí dókítà yóò fi rí i lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìlàjì kílò péré ló kù kí ẹ dé ibẹ̀. Lóòótọ́, bí a bá fi gíga yín àti ìwọ̀n ara yín ṣe ìṣirò tí àwọn oníṣègùn ń pè ní BMI, 33.6 ló máa fún wa, láti 30 sókè ni wọ́n sì ti ń ka ènìyàn mọ́ ẹni tó sanra jù. Nítorí náà iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti kúrò lójú kan tipẹ́.

Mo ka lẹ́tà yín tán, mo tún un kà. Ẹ to irú oúnjẹ tí ẹ ń jẹ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ kò sì sọ bí ó ṣe ń pọ̀ tó níbì kankan. Mo lérò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Oúnjẹ lè dára fún ara, kó sì pọ̀ ju ohun tí ara lè lò lọ; èyí tó bá ṣẹ́ kù, ì báà jẹ́ láti inú oyin ló ti wá tàbí láti inú mínírà, ọ̀rá ni ara yóò sọ ọ́ dà, yóò sì kó o pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú oúnjẹ òkèlè ṣáájú, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Òṣogbo tó èyí tí wọ́n máa ń sọ pé wíìtì kì í jẹ́ kí ènìyàn sanra. Ìyẹ̀fun wíìtì, èlùbọ́ iṣu, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí, bí ẹ bá wọn 100 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní gbígbẹ, agbára tó wà nínú wọn kò jìnnà síra, nítorí pé láàárín nǹkan bí kálórì (ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) 330 sí 370 ni gbogbo wọn bọ́ sí. Ohun tí wíìtì tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀ fi sàn ju àwọn yòókù ni pé èèpo náà kì í tètè dà nínú ikùn, ó ń jẹ́ kí ènìyàn yó pẹ́, kí ìgbẹ́ sì rọ̀. Àǹfààní gidi nìyẹn, mi ò bù ú kù. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń jẹ ìdì àmàlà kan tẹ́lẹ̀, tó wá ń jẹ ìdì wíìtì méjì nítorí pé wọ́n ní kì í sanni lára, ìlọ́po ni ó sọ oúnjẹ rẹ̀ dà. Bí iyán bá wù yín, ẹ jẹ iyán. Ẹ kàn jẹ́ kó mọ níwọ̀n ìkúùkù ọwọ́ yín, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ nínú àwo jù ú lọ.

Òróró ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lé lórí. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó kún, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 14, ní kálórì bí 120 nínú, ì báà ṣe epo pupa, ì báà ṣe òróró ẹ̀pà, ì báà ṣe òróró ólífì tó wọ́n bí ojú. Lọ́la tí ẹ bá fẹ́ se ọbẹ̀ ata, ẹ má ṣe da òróró láti inú ike sínú ìkòkò bí ọwọ́ ti mọ ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ dà á sínú ife, kí ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé òróró díẹ̀ ni àwọn ń lò, ife tíì kan gbáko ni wọ́n ń dà sí ọbẹ̀ kan. Ife tó gba mìlílítà 200 yóò ní kálórì tó lé ní 1,600 nínú. Bí àwọn márùn-ún bá jẹ ọbẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ju kálórì 160 lọ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìjẹ kan láti ara òróró nìkan, kí a tó ka ẹran, kí a tó ka òkèlè. Ẹ ó sì rántí pé ẹni tó ń dáná kì í jẹ ẹ̀ẹ̀kan: ó ń tọ́ iyọ̀ wò, ó ń ṣẹ́ ẹran jẹ nígbà tó ń dín in, ó sì ń parí ìyókù tí ọmọ fi sílẹ̀ kó má baà ṣòfò. Kò sí ẹni tí í ka ìyẹn mọ́ oúnjẹ. Ara ń kà á.

Ẹ̀pà tí ẹ fi ń panu náà kò yàtọ̀. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́, nítorí pé ó dára fún ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan, nǹkan bí gíráàmù 30, ti ní kálórì 170 nínú. Ẹ wo ẹ̀pà yíyan tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tà: bí ìgò kan bá gba gíráàmù 400, ohun tó wà nínú rẹ̀ ju kálórì 2,200 lọ, èyí tó sì lé ní gbogbo ohun tí obìnrin bíi tiyín ń lò láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ti oyin, ṣíbí ńlá kan rẹ̀ ní kálórì bí 60, ti ṣúgà kò sì pé 50, torí pé oyin wúwo jù ú lọ nínú ṣíbí. Ẹ máa lá a bí ó bá dùn mọ́ yín lẹ́nu, kì í ṣe nítorí pé yóò mú yín jò.

Ó ku ìrìn àárọ̀ yín. Ẹni tó wúwo tó kílò 86, tó rìn kánkán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lè jó nǹkan bí kálórì 150 sí 190, a sì rí apá kan nínú rẹ̀ tí ara ìbá ti lò bí ẹ tilẹ̀ jókòó sílé. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún gbọ́ létí ẹni tó jí ní ìdájí, tó sì fi òógùn wẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ìrìn yẹn ṣe pàtàkì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, fún oorun àti fún orúnkún yín, ó sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹni tó ti jò má tún sanra padà. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó dá ru ẹrù oúnjẹ tó pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára. Ẹ ti ṣe apá kìíní, apá kejì ni ẹ kò mẹ́nu bà.

Kí ló wá dé tí ẹ jò ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì dúró? Ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ díẹ̀ kalẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ kì í jó epo tó ti ìgbà tó kún. Ara tó fi kílò mẹ́rin fúyẹ́ kò nílò oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà ìwọ̀n oúnjẹ tó mú yín jò ní oṣù àkọ́kọ́ lè di èyí tó kàn ń dá yín dúró lójú kan. Yàtọ̀ sí èyí, ara fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí ọ̀rá òun dín kù: bí ọ̀rá bá ti ń dín, hòmóònù kan tó ń jẹ́ leptin, tó máa ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó, máa ń lọ sílẹ̀, ebi á wá máa pa ènìyàn ju ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wọ̀bìà.

Ẹ tún yẹ òpin ọ̀sẹ̀ wò. Ẹ kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n a jọ ń gbé Òṣogbo, mo sì mọ bí ọjọ́ Sátidé ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ti fi kánópí dí ojú títì. Bí ẹnì kan bá dín kálórì 300 kù lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì, 1,500 ló dín kù. Àwo ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan pẹ̀lú ẹran díndín, mọ́ínmọ́ín, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, àti ìgò mọ́ọ̀tì méjì, lè kó gbogbo rẹ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀, kí a má tilẹ̀ sọ èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá fún yín láti mú relé. N kò ní kí ẹ má re ìnáwó. Ẹ jẹun díẹ̀ nílé kí ẹ tó lọ, ẹ mu omi, kí ẹ sì yan ohun kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá.

Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́ tán. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé ohun tí a jogún kó ipa tó tóbi, láti nǹkan bí ìdá ogójì sí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, nínú ìdí tí ìwọ̀n ara ènìyàn kan fi yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ní ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé jíìnì kan wà tó ń jẹ́ FTO, pé nínú àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tó jogún irú rẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wọn fi nǹkan bí kílò mẹ́ta wúwo ju àwọn tí kò jogún rẹ̀ rárá. Kílò mẹ́ta kì í ṣe ọgbọ̀n kílò. Ìran lè mú kí iṣẹ́ yín le ju ti aládùúgbò yín; kò sọ pé kí ẹ má ṣe é.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ lọ rí dókítà ni ọ̀rọ̀ oògùn. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta tó ní medroxyprogesterone nínú wà lára àwọn tó máa ń mú àwọn obìnrin kan sanra, bí kò tilẹ̀ ṣe gbogbo wọn. Kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ kò ní hòmóònù nínú, kì í sì í fi kún ìwọ̀n ara; ẹ béèrè bóyá ó bá yín mu. Nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, atenolol àti propranolol lè fi kílò kan tàbí méjì kún ènìyàn. Amlodipine ní tirẹ̀ lè mú kí kókósẹ̀ wú, ṣùgbọ́n omi ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ mú páálí gbogbo oògùn yín dání nígbà tí ẹ bá ń lọ, pẹ̀lú èyí tí ẹ ń rà fún orúnkún, nítorí pé àwọn kan ń po prednisolone tàbí dexamethasone mọ́ oògùn ara ríro láìsọ fún ẹni tó ń rà á, oògùn méjèèjì yìí sì máa ń fa ọ̀pọ̀ ebi, wọ́n ń kó ọ̀rá sí ojú, sí ikùn àti sí ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra yín, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí òtútù bá ń mú yín nígbà tí kò mú ẹlòmíràn, bí ìgbẹ́ yín bá ń gan, tí ara yín ń gbẹ, tí ó sì ń rẹ̀ yín ṣáá, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún TSH, kí a lè mọ̀ bóyá ẹṣẹ́ tó wà ní ọrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní thyroid, ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí kò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, kílò díẹ̀ ló sábà máa ń fi kún ènìyàn, omi sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ orí yín pẹ̀lú ń bá yín wí: láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù sábà máa ń dúró, ṣáájú àkókò yìí ni iṣan ti ń dín kù, tí ọ̀rá sì ń ṣí kúrò ní ìdí àti itan wá sí ikùn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asúbíaró kò jìnnà sí yín.

Tíì tí ọ̀rẹ́ yín rà, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú ọpẹ́. Ewé senna ló wà nínú púpọ̀ nínú irú tíì bẹ́ẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ sì ni. Omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde. Òṣùwọ̀n á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá inú ikùn kò sì gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó tún ń kó èròjà potassium jáde kúrò lára, bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá sì wà lára àwọn tó ń mú ni tọ̀, òun náà ń kó o jáde. Kí méjèèjì pàdé nínú ara kan náà lè da ìlù ọkàn rú. Abẹ́rẹ́ tuntun tó ní semaglutide, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìsanra ní ọdún 2021, ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ní ọdún 2024, WHO kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé ayédèrú rẹ̀ ti wọ ọjà. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó rẹ̀ lórí fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ṣe yí ohunkóhun padà. Ẹ kàn máa kọ gbogbo ohun tó bá kọjá ẹnu yín sílẹ̀, títí kan èyí tí ẹ tọ́ wò ní ìdí ààrò àti ẹ̀pà tí ẹ jẹ nínú ọ́fíìsì. Obìnrin tó ga tó yín, tó sì wúwo tó yín, ń lo nǹkan bí kálórì 2,000 lójúmọ́. Bí ẹ bá lè dín 400 tàbí 500 kù nínú ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ lè máa fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin kílò sí ìlàjì kílò jò lọ́sẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni kí ó gba ìdajì àwo yín, ewédú, tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre tí òróró kò lé téńté lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹun láìsí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin níbẹ̀, nítorí pé irú oúnjẹ wọ̀nyí ń jẹ́ kí ènìyàn yó pẹ́, wọ́n sì ń dáàbò bo iṣan. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrìn yín, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹ tún jókòó, títí yóò fi rẹ itan yín díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni tó fẹ́ bì í ṣubú. Ẹ bu omi kún ìgò oní-lítà-kan-ààbọ̀ méjì, kí ẹ máa gbé wọn sókè sódò. Bí orúnkún bá kọ̀, ẹ lo àga tó ga díẹ̀.

Ẹ má ṣe gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Iyọ̀, omi àti nǹkan oṣù lè mú kó yẹ̀ ní kílò kan tàbí méjì láàárín ọjọ́ kan sí èkejì. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹun. Kí ẹ sì ra téèpù aránṣọ kan, kí ẹ fi wọn ikùn yín ní àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Fún obìnrin, láti sẹ̀ǹtímítà 80 ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì pọ̀ gan-an bó bá ti kọjá 88. Bí téèpù bá ń dín tí òṣùwọ̀n kò yẹ̀, ẹ ń tẹ̀ síwájú.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ọkùnrin ẹni ọdún 34 ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin ní ilé eré ìdárayá kan, mo sì dín oúnjẹ alẹ́ kù. Ó yà mí lẹ́nu pé kílò méjì ni mo fi wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì mi ti wọ ihò méjì sínú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé kí n fi irin sílẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN

Arákùnrin wa, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Bẹ́líìtì yín ló ń sọ òótọ́. Kílò kan iṣan kò gba àyè tó kílò kan ọ̀rá, nítorí náà ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ ń lọ tí iṣan rẹ̀ sì ń bọ̀ lè wúwo sí i kí aṣọ rẹ̀ sì máa tóbi jù ú lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé tún máa ń kó omi sínú iṣan, nítorí pé iṣan ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, gíráàmù kan ṣúgà yìí sì máa ń di nǹkan bí gíráàmù mẹ́ta omi mú. Ẹ wọn ikùn yín; bí ó bá ti wà lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá kọjá 102, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò, kí ẹ sì máa bá irin lọ. Kìkì ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni kí ẹ má ṣe gba hóró oògùn kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

LẸ́TÀ KẸTA

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ọmọ ọdún 22 ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí ní Òṣogbo. Mò ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì péré lóòjọ́, mo sì ń fo okùn nínú yàrá mi, ṣùgbọ́n ńṣe ni mò ń sanra sí i. Nǹkan oṣù mi lè má wá fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, irun ti ń hù ní àgbọ̀n mi, ojú mi sì kún fún irorẹ́. Màmá mi ní mò ń jẹun lóru láìjẹ́ kí àwọn mọ̀. Ó ń dùn mí gan-an.

ÌDÁHÙN

Ọmọ wa, mo gbà ọ́ gbọ́. Jẹ́ kí màmá rẹ ka ìdáhùn yìí pẹ̀lú rẹ. Nǹkan oṣù tó ń fò, irun ní àgbọ̀n, irorẹ́ àti ìsanra tí kò gbọ́ràn, bí wọ́n bá pé jọ sára ọmọbìnrin kan, ohun tó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ ronú kàn ni àìsàn hòmóònù àti ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní PCOS. Kì í ṣe àrùn tó ṣọ̀wọ́n: WHO sọ pé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní in, àti pé àwọn tí kò tíì mọ̀ pé òun ló ń ṣe wọ́n lè tó ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú púpọ̀ nínú àwọn tó ní PCOS, ara kì í gbọ́ ti insulin, hòmóònù tó ń kó ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ara, bó ṣe yẹ. Ara á wá máa tú insulin púpọ̀ sí i jáde. Insulin tó pọ̀ yìí á mú kí ọ̀rá máa jókòó sí ikùn, á sì mú kí ilé ẹyin máa ṣe hòmóònù akọ ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló ń hu irun, òun ló ń fa irorẹ́, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹyin jáde lóṣooṣù. O rí i pé kì í ṣe oúnjẹ òru.

Lọ rí dókítà tó ń tọ́jú àwọn obìnrin. Yóò béèrè bí nǹkan oṣù rẹ ṣe ń wá, nítorí náà kọ ọjọ́ tí o bá rántí sílẹ̀ kí o tó lọ. Yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún hòmóònù, fún TSH àti fún ṣúgà, ó sì lè ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán ilé ẹyin rẹ. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: nǹkan oṣù tí kò ṣe déédéé, hòmóònù akọ tó pọ̀ jù, àti bí ilé ẹyin ṣe rí, bí méjì bá pé nínú rẹ̀ tí wọn kò sì rí àìsàn mìíràn tó lè fà á, PCOS ni wọn yóò pè é. Bí o bá ti lo oògùn tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọbìnrin kí ìdí wọn lè tóbi, má ṣe tijú, sọ fún un. Cyproheptadine, tó jẹ́ oògùn ara yíyún, àti dexamethasone ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè mú kí ènìyàn sanra.

Má ṣe dín oúnjẹ kù sí ẹ̀ẹ̀kan nítorí ohun tí mo sọ. Ẹni tó fi ebi pa ara rẹ̀ lọ́sàn-án máa ń jẹ gbogbo rẹ̀ lálẹ́. Jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ nígbà tó yẹ, fi mínírà àti bísíkíìtì ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, kí o sì sùn tó wákàtí méje lóru, torí pé àìsùn tó ń fi kún ebi. Dókítà lè fún ọ ní metformin tàbí oògùn mìíràn tó máa tún nǹkan oṣù ṣe. Ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lásán, bí o bá lè dín in kù, lè mú kí nǹkan oṣù padà sí ipò fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Mọ èyí pẹ̀lú: àwọn kan máa ń rò pé ẹni tó ní PCOS kò lè lóyún, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o ṣe ń jò díẹ̀díẹ̀ ni ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà, ó sì lè jáde kí nǹkan oṣù tó wá láti sọ fún ọ.